Àdúrà òòjọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè: kí lẹ ń ṣe gan-an?

Ará Mọ́wé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mọ́wé ni mò ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ ti jáde nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó há wa mọ́ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Tí mo bá fi máa padà délé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Mo máa ń lọ sí ìṣọ́ òru ní ìjọ wa, mo sì máa ń gbàdúrà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, oorun ni yóò gbé mi lọ, tàbí kí n máa wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Àwọn oníwàásù inú bọ́ọ̀sì ń gbàdúrà fún wa láràárọ̀, a sì ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jọ ìgbà tí èmi àti Ọlọ́run mi jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà lójoojúmọ́, tí ẹ kì í ṣe pásítọ̀, tí ẹ ní iṣẹ́, tí ẹ ní ọmọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwàásù ni mo ń wá. Ohun tí ẹ ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Onígàárì Bódìjà

Arábìnrin, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Èmi ò ní yàrá àdúrà, inú ọjà ni mo ti ń ṣe tèmi. Àgádágodo méjì ló wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí mo bá ń ṣí ti òkè, màá dúpẹ́ pé mo jí, pé àwọn ọmọ jí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣí ti ìsàlẹ̀, màá ní, "Olúwa, ẹni tó bá yà sí ibí lónìí, má jẹ́ kó bá ìbínú lójú mi, má sì jẹ́ kí n rẹ́ ẹ jẹ." Ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú kan, mi ò sì tíì gbé àpò kankan kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kóńgò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàárì mọ̀ pé níbi orí kóńgò ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹlòmíì á tẹ ìdí kóńgò wọnú kí ó má baà gbà tó bó ṣe yẹ. Ẹlòmíì á ki àtàǹpàkò sínú bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá ti ń rọ gàárì lé e, tó ga sókè tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sílẹ̀ létí, mo máa ń sọ nínú mi pé, "Olúwa, o ń wò mí." Òwe 11:1 sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa, a sì ń kà á fún àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ìgbà kan wà tí gàárì wọ́n, tí gbogbo ìlà wa ń dín ọwọ́ kù, tí ẹni tó bá wọ̀n ọ́n pé dà bí aláìgbọ́n. Àdúrà kékeré yẹn ló mú ọwọ́ mi dúró. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan rò pé àdúrà òòjọ́ wà fún kí ara lè tu ènìyàn. Tèmi máa ń ná mi lówó nígbà mìíràn, mo sì mọ̀ pé àdúrà ni.

Tíṣà Ìjọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ẹ ti fi kóńgò sọ yẹn.

Arábìnrin Mọ́wé, ẹ ní ẹ máa ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ. Ẹ má wá a mọ́. Àwọn tó ṣáájú wa ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nínú Ìwé Àdúrà tí àwa Áńgílíkà ń lò, wọ́n pín Orin Dáfídì 150 sí ọjọ́ 30, ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́, tí ẹni tó bá ń tẹ̀lé e yóò fi kà á tán lóṣù kan. Mi ò ní kí ẹ máa ka ìpín ọjọ́ kan tán nínú bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ mẹ́rin tó. Ẹ ka ẹsẹ kan, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín tì í lẹ́yìn. Àdúrà kan tún wà nínú Àdúrà Òwúrọ̀ tó ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run mú wa dé ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yìí ní àlàáfíà, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí a ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ kankan lónìí. Ẹ há a sórí. Ní aago mẹ́rin ìdájí, ohun tó ti wà lórí ẹni ló máa ń bọ́ sí ẹnu, ẹni tó sì ń toògbé kò ní agbára láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hun ọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo Dáníẹ́lì 6:10. Gbogbo wa ló ń wàásù lórí kìnnìún, a sì máa ń fo ohun tó wà lópin ẹsẹ yẹn, pé ó kúnlẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí àṣẹ ọba jáde, Dáníẹ́lì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára.

Jagunjagun Àdúrà

Ẹ̀yin ará, mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́. Àdúrà ìṣẹ́jú kan wo ni a fẹ́ fi kojú ayé tí a wà yìí? Ọ̀tá ilé bàbá ẹni kì í sùn. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, òru náà ló yẹ kí Kristẹni wà lórí eékún. Jákọ́bù jìjàkadì títí ilẹ̀ fi mọ́ kó tó gba ìbùkún. Ẹ̀rù ń bà mí kí arábìnrin yìí má lọ máa rò pé bí òun bá ti ṣí ilẹ̀kùn tòun bá ti sọ gbólóhùn méjì, ó ti parí.

Tíṣà Ìjọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Arákùnrin mi, ẹ kú ìtara. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlú tí mo wà fún yín. Nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Àwọn ló di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti lọ títí ó fi kan ìsọjí Òkè Òóyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, nígbà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kí ó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Gbogbo wa la mọ̀ pé ogunlọ́gọ̀ ló wá sí Òkè Òóyè, a sì mọ̀ pé àdúrà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá ni àwọn díẹ̀ tó ń pàdé fi ṣáájú ogunlọ́gọ̀ yẹn.

Lúùkù 6:12 sọ pé Olúwa wa fi gbogbo òru gbàdúrà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní í gba ìṣọ́ òru lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ṣí ìwé kan náà sí orí 11. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kó kọ́ àwọn ní àdúrà, èyí tó kọ́ wọn kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń fi gbogbo òru gbàdúrà ló mọ̀ pé ohun tí apẹja àti agbowó òde nílò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnu lè gbé.

Ọmọ Séráfù

Ẹ jọ̀ọ́, kí n bá a yín dá sí i. Wẹ́lídà ni mí. Láti ìgbà Moses Orímọládé tó dá ìjọ wa, Kérúbù àti Séráfù, sílẹ̀, láti 1925, ni wọ́n ti ń pè wá ní aládùúrà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ìta mọ̀ ni aṣọ funfun àti agogo. Wọn kò mọ̀ pé wákàtí la fi ń gbàdúrà: mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá, mẹ́ta. Inú Bíbélì ló ti wá. Wákàtí kẹsàn-án, ìyẹn aago mẹ́ta ọ̀sán, ni Pétérù àti Jòhánù ń gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3:1. Wákàtí kẹfà, aago méjìlá, ni Pétérù gun orí ilé lọ gbàdúrà ní orí 10.

Níbi iṣẹ́ mi, tí aago méjìlá bá lù, màá pa iná, màá bọ́ gọ́gù, màá bọ́ bàtà, màá yà sẹ́yìn géètì tí mo ń jó. Sáàmù kúkúrú ni mo máa ń kà. Orin Dáfídì 121 jẹ́ ẹsẹ mẹ́jọ. Ọjọ́ tí oníbàárà bá dúró dè mí, 117 ni, ẹsẹ méjì péré. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá rí i pé mo bọ́ bàtà, wọ́n á dín ariwo kù. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ wákàtí ni pé kì í bi ọ́ bóyá ó wù ọ́.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ wákàtí yìí dára fún ẹni tí wákàtí rẹ̀ dúró sójú kan. Níbí, nínú oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́jọ á fi kọjá, bó bá sì di oṣù Kẹfà, ilẹ̀ ti mọ́ kí aago márùn-ún tó lù. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ láàárọ̀, òwúrọ̀ àwọn ẹlòmíì ni alẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà èmi ò fi aago ṣe é, omi ni mo fi ń ṣe é.

Ó jẹ́ òfin iṣẹ́ wa pé ká fọwọ́ ká tó fara kan aláìsàn, ká sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ọṣẹ àti omi gba bí ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 bí ènìyàn bá ṣe é bó ṣe yẹ, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ẹ̀yìn ọwọ́, dé àárín ìka, dé àtàǹpàkò. Àdúrà Olúwa wọ inú àkókò yẹn. Tí mo bá fi máa dé "fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí", àárín ìka ni mo wà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń dárúkọ ẹni tí mò ń lọ bá ní ibùsùn, nínú ọkàn mi. Ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. A kì í gbàdúrà sí aláìsàn lórí níbi iṣẹ́ àyàfi tí òun bá béèrè, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó wà lórí ibùsùn kò lè dìde kúrò lọ́dọ̀ wa tí kò bá fẹ́ ẹ.

Yorùbá ni mo fi ń gbà á. Látàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni mo ń dà bí ọmọ ìyá mi.

Ìyàwó Ilé Alhájì

Ìwó ni mo wà. Mùsùlùmí ni bàbá ọkọ mi àti ìyá wa, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi àti ọkọ mi ń lọ, ilé kan náà la sì jọ ń gbé. Tí ládàánì bá ti pe ìrun àsùbáà, Bàbá á dìde lọ ṣe àlùwàlá, èmi náà á dìde. Bàbá á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi á jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná pẹ̀lú Bíbélì mi. Mi ò kì í tan iná ńlá. Màá ka ìwọ̀nba, màá dárúkọ ọkọ mi, àwọn ọmọ, Bàbá àti Ìyá, ẹni tó bá ń ṣàìsàn ládùúgbò. Nígbà tí Bàbá bá ń sálámà, èmi náà ti ń gbé omi kaná. Ọjọ́ tí mi ò bá jáde, Bàbá á bi mí láàárọ̀ pé, "Ìyàwó, ṣé ara le?"

Arábìnrin, ẹ fetí sí ohun tó ń dún ní àdúgbò yín lásìkò tí ẹ bá jí. Ó lè jẹ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ ládàánì. Ẹ jẹ́ kó máa pe ẹ̀yin náà.

Ọmọ Kátólíìkì, Abẹ́òkúta

Àwa náà ní agogo tiwa: aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àdúrà Angelus. Ó rántí bí áńgẹ́lì ṣe wá bá Màríà, "Mo kí ọ Màríà" mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò pẹ́ rárá. Nínú ọkọ̀, rósárì nínú àpò ni. Ìka máa ń rántí nígbà tí orí bá ti rẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin

Èmi tí mò ń wa ọkọ̀, ojú lílà ni àdúrà mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àdúrà ojú lílà wà nínú Bíbélì, kó ka Nehemáyà 2:4. Ọba bi í ní ohun tó ń fẹ́, kí ó tó dáhùn, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run. Iwájú ọba ló wà, ife ọtí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún un, kò lè ní kí ọba dúró kóun kúnlẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n ó ṣe ká ní èmi ni ẹ̀yin, arábìnrin. Ẹ má ṣe ní ẹ ó fi gbogbo ìrìn àjò gbàdúrà, kò ní í ṣeé ṣe, ẹ nílò oorun yẹn. Ẹ mú apá kan nínú ọ̀nà. Láti Berger dé ibi tí ẹ ti ń gun Third Mainland, kí fóònù wà nínú báàgì, kí nǹkan etí kúrò létí. Tí ẹ bá ti gun afárá, ó parí, ẹ sùn. Bí oníwàásù bá ń pariwo lọ́wọ́, ẹ fi orin rẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá gba tiyín lábẹ́ rẹ̀.

Jagunjagun Àdúrà

Mo gbọ́ ohun tí bàbá wa sọ lórí Lúùkù 11, mo sì gbà á. Mi ò ní fi ìṣọ́ òru mi sílẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe ti òru, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ gbàdúrà fún sínú ìwé, kí ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Fóònù ló ń pa àdúrà òru jù, torí ẹni tó bá fẹ́ wo Bíbélì inú rẹ̀ á ti bá ìròyìn pàdé.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Àkúrẹ́

Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ pẹ̀lú agogo aago márùn-ún: Bàbá á lu agogo, gbogbo ilé á kúnlẹ̀, orin ẹsẹ mẹ́fà, Bíbélì orí kan, Bàbá á gbàdúrà fún gbogbo mọ̀lẹ́bí títí kan àwọn tó wà ní ìlú òyìnbó, àwọn ọmọ á sì sùn lórí eékún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí mi fún agogo yẹn, òun ló jẹ́ kí n mọ orin. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kì í gbọ́ ohun tó ń lọ.

Nílé wa báyìí, alẹ́ la ń ṣe é, lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n tó kó abọ́. A ń kọ ẹsẹ orin kan ṣoṣo. Ẹnì kan á ka ẹsẹ Bíbélì tí kò ju mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ènìyàn kan tó fẹ́ kí Ọlọ́run ràn lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Àbúrò wọn pátápátá gbàdúrà fún ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ tí kò ní bàtà ẹsẹ̀ tó dára. Ìyá rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ yẹn ti ní bàtà. Ẹ̀gbọ́n wọn sì ń bi mí bóyá Ọlọ́run ló dáhùn tàbí Màmá. Mo ní àwọn méjèèjì ni.

Àwa kì í fi àdúrà jẹ ọmọ níyà. Ẹni tó bá ṣẹ̀, a ó yanjú rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ti rí àwọn òbí tó ń fi ọ̀rọ̀ àdúrà bú ọmọ lójú gbogbo ilé, pé "Olúwa, bá mi yí ọkàn olè padà nínú ilé yìí." Ọmọ á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó lè kórìíra àdúrà títí tó fi dàgbà.

Ọkàn Tó Rẹ̀

Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. A sin ọmọ wa lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, tí mo bá la ẹnu láti gbàdúrà, kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní kí n máa dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà. Mi ò rí ọpẹ́ náà. Ṣé ẹni tó rí báyìí wà nínú ohun tí ẹ ń sọ?

Tíṣà Ìjọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Kí Olúwa dúró tì yín. Ẹ wà nínú rẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Tí ọpẹ́ kò bá sí lẹ́nu, ẹ má fipá mú un jáde. Ẹ ka Orin Dáfídì 13. "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè "yóò ti pẹ́ tó" yẹn sì wáyé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ẹsẹ méjì péré. Bí ìyẹn bá tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ láyọ̀ jù fún yín, nítorí pé ó parí sí orin, ẹ lọ sí 88. Òun kò parí sí orin. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ kà á, wọn kò yọ ọ́ kúrò, wọn kò fi ẹsẹ ayọ̀ kan lẹ̀ ẹ́ nídìí. Ó wà níbẹ̀ fún irú ọjọ́ tí ẹ wà yìí. Ní ọjọ́ tí kíkà náà bá le, ẹ rántí Róòmù 8:26, pé Ẹ̀mí fúnra rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fẹnu sọ. Bí ẹ bá jókòó, tí ẹ mí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, tí ẹ dìde, ẹ ti gbàdúrà. Mi ò sọ ọ́ láti fi tù yín nínú lásán. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ènìyàn nínú ìjọ nìyẹn.

Onígàárì Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Arọ inú Máàkù orí kejì kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Jésù, ènìyàn mẹ́rin ló gbé e, ìgbàgbọ́ tiwọn sì ni Bíbélì ní ó rí. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ ní kó máa wá ní ìrọ̀lẹ́. Kó jókòó, kó sọ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" fún yín, kó máa lọ. Bí ẹ kò bá lè dáhùn àmín, kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é. Tí ẹ bá gbà, èmi náà á máa rántí yín níbi àgádágodo ti òkè.

Jagunjagun Àdúrà

Èmi náà ti kọ yín sínú ìwé mi. Aago kan òru. Ẹ má dìde, ẹ sùn.

Ará Mọ́wé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀, mo ń rántí yín pẹ̀lú.

Mo ti mú ti Berger dé afárá. Ó ń ṣiṣẹ́. Orin Dáfídì ni mo ń kà, ẹsẹ mẹ́rin bí bàbá wa ṣe wí, mo kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan kí n má baà ṣí fóònù. Ẹnì kan tó máa ń jókòó tì mí béèrè ohun tí mo ń kà, òun náà ti ń kà á báyìí. Ti ìdájí, ẹnu ọ̀nà géètì ni mo fi sí bíi ti Màmá onígàárì, nígbà tí mo bá ń fa ìdè rẹ̀. Alẹ́ ló ṣì le. Tí mo bá ti wọlé, oúnjẹ, ọmọ, aṣọ ọ̀la, ara ti kú. Kí lẹ ń ṣe lálẹ́?

Ọmọ Kátólíìkì, Abẹ́òkúta

Ẹ má kúnlẹ̀ lálẹ́ bó bá jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ló ń gbé oorun wá. Ẹ ṣe é lórí ìdúró, níbi tí ẹ bá ti ń bọ́ bàtà tàbí nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀. Ignatius ti Loyola, tó dá ẹgbẹ́ Jésúíìtì sílẹ̀, kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti máa wẹ̀yìn wo ọjọ́ wọn níwájú Ọlọ́run. Èmi gé e kúrú sí mẹ́ta: kí ni mo rí gbà lónìí, ta ni mo ṣẹ̀, ta ló wà lọ́kàn mi. Ti àárín ló máa ń pẹ́ jù. Bí ó bá jẹ́ ọkọ tàbí ọmọ ni mo ṣẹ̀, mi ò kì í fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan, màá lọ bá onítọ̀hún kí n tó sùn.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ tún lè mú un ṣáájú oúnjẹ. Àdúrà oúnjẹ tí a ń kù gììrì sọ yẹn, ẹ fi ìmí mẹ́ta kún un. Bí ẹ bá ti jẹun tán, oorun ti dé nìyẹn.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin

Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti òwúrọ̀ kan tó kúrú gan-an sílẹ̀ fún àwa tí a kò ní Ìwé Àdúrà. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí mo ń kó ìwé ọkọ̀ sí.

Tíṣà Ìjọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ṣe èyí fún yín, ẹ lè yí i padà bó bá ṣe bá iṣẹ́ yín mu:

Baba, o ṣeun tí o jí mi.
Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe lónìí nìyí, mo gbé e síwájú rẹ.
Ẹni tí mo bá pàdé, jẹ́ kí n hùwà sí i bí ọmọ rẹ.
Ibi tí mi ò bá lè dá rìn, bá mi rìn.
Nítorí Jésù Olúwa wa. Àmín.

Níbi ẹsẹ kejì, kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ má kàn sọ "iṣẹ́ ọwọ́ mi". Ẹ ní, "Mo fẹ́ gbé èrò láti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn, táyà ẹ̀yìn kò dára tó."

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìlọrin

Ẹ ṣé, sà. Mo ti kọ ọ́ sórí páálí. Táyà yẹn gan-an, mo ń lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó gbé èrò. Ẹ bá wa kọ ti alẹ́ náà.

Tíṣà Ìjọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ti alẹ́ ń bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn ìsìn. Kí ẹni tó bá ní orúkọ tó fẹ́ kí a gbàdúrà fún kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan, kí a má tú àṣírí aláìsàn.